Gbígbin igi tii sínú ọgbà ilé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mu tii lójoojúmọ́ tí wọn ò fojú kan igi rẹ̀ rí. Igi náà kò nira láti gbìn, àmọ́ ohun méjì wà tí kì í fara mọ́ rárá: ilẹ̀ tí kò kan, àti omi tó ń dúró sí i nídìí. Ẹni tó bá ti yanjú méjèèjì kó tó gbé igi sílẹ̀ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi gùn ju àwọn tó kù lọ nísàlẹ̀ yìí.

Igi wo gan-an ni igi tii?

Camellia sinensis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Igi tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ jálẹ̀ ọdún ni. Ewé rẹ̀ ń dán, etí ewé náà rí wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, òdòdó rẹ̀ funfun, àárín òdòdó ọ̀hún sì ní àwọ̀ ìyeyè. Èyí tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán oko tii, tí kò ga ju ìbàdí èèyàn lọ, gígé ni wọ́n ń gé e. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á di igi gidi.

Kì í ṣe koríko ọba tí àwọn kan ń pè ní ewé tii. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe igi Melaleuca, tí wọ́n ti ń fún òróró tí wọ́n ń kọ tea tree oil sára ìgò rẹ̀. Ẹ má ṣi ti ìkẹyìn yìí mú o, torí òróró yẹn kò ṣeé mu. Májèlé ni nínú ikùn.

Ṣé igi tii dúdú yàtọ̀ sí igi tii aláwọ̀ ewé?

Rárá o. Igi kan náà ni. Ohun tí wọ́n ṣe fún ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a tán ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ti rú àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá lójú rí: lọ́dún 1762, Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, fún wọn ní orúkọ méjì, bí ẹni pé igi méjì ni. Àwọn ọdún 1840 ni Robert Fortune, ará Scotland, tó rin ìrìn àjò láàárín àwọn tó ń gbin tii ní Ṣáínà, rí i pé ewé igi kan náà ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì. Torí náà, igi kan ṣoṣo nínú ọgbà yín lè fún yín ní tii aláwọ̀ ewé lónìí, kó tún fún yín ní tii dúdú nígbà míì.

Irú wo ni kí n wá?

Ẹ̀yà méjì ló gbajúmọ̀. Ti Ṣáínà, sinensis, ní ewé kéékèèké, kì í tètè ga, ó sì lè fara da òtútù tó mú omi di yìnyín. Ti Asaamu ní Íńdíà, assamica, ní ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń yára dàgbà, ó fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin, yìnyín sì máa ń pa á. Tí ibi tí ẹ wà bá ń tutù gan-an ní apá kan ọdún, ti Ṣáínà ni kẹ́ ẹ mú. Tó bá jẹ́ ibi tí ooru àti òjò ti ń pọ̀ ni, ti Asaamu á tẹ́ yín lọ́rùn. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ti mú ẹ̀yà méjèèjì gùn ara wọn, wọ́n sì dáa fún ọgbà ilé.

Ojú ọjọ́ wo ló bá a mu?

Ibi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 18 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń ṣe dáadáa jù. Tó bá lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 13, ọ̀mùnú rẹ̀ á dáwọ́ yíyọ dúró. Òjò tó tó mìlímítà 1,200 lọ́dún ló fẹ́, ó kéré tán, kó sì pín káàkiri oṣù. Bí òjò yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè bomi rin ín. Igi mélòó kan nínú ọgbà kì í ṣe oko ńlá.

Gígùn ọ̀sán náà kàn án. Níbi tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, níbi tí ọ̀sán ti máa ń kúrú gan-an ní apá kan ọdún, igi náà á sùn fún oṣù mélòó kan, kò ní yọ ewé tuntun títí ọ̀sán á fi gùn padà. Ní ìtòsí agbedeméjì ayé, ó lè máa yọ ewé látìgbà dégbà.

Irú ilẹ̀ wo ló fẹ́?

Ilẹ̀ kíkan. Ní orí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH, 7 ni agbedeméjì. Bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí ni ilẹ̀ ń kan sí i. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó wà ní 5 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó wà ní 6 lọ. Tii fẹ́ 4.5 sí 5.5. Ó ṣì lè rọ́jú bó bá dé 6. Bó bá ti ń sún mọ́ 7, wàhálà dé.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ilẹ̀ tí kò kan, irin tí igi nílò láti fi mú ewé rẹ̀ tutù máa ń há sínú ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní lè fà á. Irin wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ igi kò tó o. Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu nípa igi yìí ni pé aluminium tó máa ń tú sílẹ̀ nínú ilẹ̀ kíkan, tó ń ba gbòǹgbò ọ̀pọ̀ irúgbìn jẹ́, kì í pa á lára. Ṣe ló ń fà á sára, á kó o pamọ́ sínú àwọn ewé tó ti gbó, gbòǹgbò rẹ̀ á sì tún máa ràn sí i. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ kọ̀ lè jẹ́ ilé fún tii.

Ìkejì ni pé kí omi máa ṣàn kọjá. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 45 cm, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kẹ́ ẹ wá tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi ẹ̀ẹ̀kejì yìí bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, gbòǹgbò tii á jẹrà níbẹ̀. Ẹ wá ibòmíì, tàbí kẹ́ ẹ kọ ebè ńlá tó ga tó 30 cm, kẹ́ ẹ gbin igi sórí rẹ̀. Ibi tó dagun díẹ̀ dáa ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tàbí síbi tí wọ́n ti po kọnkéré rí. Òjò máa ń fọ ohun funfun inú sìmẹ́ńtì wọnú ilẹ̀, ìyẹn sì ni òdìkejì ohun tí igi yìí ń fẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ mi kan?

Ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ ra bébà tàbí èròjà tí wọ́n fi ń wo pH ilẹ̀, ó rọrùn láti lò. Ẹ bu ilẹ̀ náà láti inú ihò tó jìn tó 15 cm, kì í ṣe òkè lásán, kẹ́ ẹ sì bù ú ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgbà. Bí ẹ ò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ kán ọtí kíkan sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bó bá hó, tó ń ru ìfófòó, ẹfun ti pọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn, kò yẹ fún tii. Bí kò bá hó, ìyẹn nìkan kò tíì sọ pé ó kan tó, àmọ́ ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ èyí tó burú jù.

Bí ó bá ku díẹ̀ kó kan tó, ẹ lè po imí ọjọ́ lẹ́búlẹ́bú mọ́ ọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì, ó sì ń gba oṣù mélòó kan, nítorí náà, ṣáájú gbígbìn ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ní ti ilẹ̀ tó kún fún ẹfun gidi, owó àti agbára á kàn ṣòfò ni. Ìkòkò ni ọ̀nà àbáyọ níbẹ̀.

Ṣé mo lè da eérú sí i nídìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé eérú dáa fún ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn, àṣà tó sì ti mọ́ ọ̀pọ̀ wa lára ni. Àmọ́ ṣe ni eérú ń pa kíkan ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹfun ṣe ń pa á. Èèpo ẹyin tí wọ́n gún náà wà nínú ohun tí kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ń yé ẹyin, torí oúnjẹ wọn máa ń ní ẹfun púpọ̀ nínú. Igi tó ti ń ṣe dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lẹ́yìn eérú ìgbà díẹ̀, kí olówó rẹ̀ má sì mọ ohun tó ṣe é.

Ṣé kóró ni kí n gbìn ni, àbí ẹ̀ka?

Méjèèjì ṣeé ṣe, àmọ́ wọn ò rí bákan náà.

Kóró tii ní òróró nínú, kì í pẹ́ kú. Èyí tó ti gbẹ nínú páálí fún oṣù púpọ̀ kò ní hù. Ẹ wá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ yọ èyí tó léfòó sọnù. Èyí tó rì sísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbìn, kó wọ ilẹ̀ tó 2 sí 3 cm, lábẹ́ ibòòji, kí ilẹ̀ náà máa rin díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó oṣù kan tàbí méjì kó tó yọrí, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má hú u wò. Igi tó ti inú kóró wá kì í jọ ìyá rẹ̀ dán-in-dán-in, nítorí òdòdó igi mìíràn ló sábà máa ń gbà láti fi so. Àmọ́ ó ní gbòǹgbò ìdí tó lọ tààrà sísàlẹ̀, èyí tó ń gbé e dúró nígbà ọ̀dá.

Ti ẹ̀ka, ẹ wá ẹ̀ka ọdún yìí tí kò rọ̀ mọ́, tí kò sì tíì le koko. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé kan ṣoṣo tó dáa, ojú kan níbi tí ewé náà ti so mọ́ ẹ̀ka, àti igi tó gùn tó 3 sí 4 cm lábẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀bẹ mú. Ẹ tì í bọ inú yanrìn tí wọ́n pò mọ́ ilẹ̀ kíkan, kí ewé náà má fara kan ilẹ̀, ẹ fi ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bò ó, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí òòrùn kò ti ní pa á. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, gbòǹgbò á ti jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣí ọ̀rá náà, lọ́sẹ̀ díẹ̀, kí igi lè mọ́ra fún afẹ́fẹ́ gbígbẹ.

Lójú tèmi, ẹni tí kò ní ráyè bomi rin nǹkan nígbà gbogbo, kóró ni kó gbìn. Ẹni tó bá rí igi kan tí adùn rẹ̀ wù ú, ẹ̀ka rẹ̀ ni kó tọrọ.

Ṣé ó lè wà nínú ìkòkò?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tó fẹ̀ tó 30 cm, tó sì jìn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, kó lu nísàlẹ̀ dáadáa. Bí igi bá ti ń dàgbà, ẹ máa gbé e lọ sínú èyí tó tóbi sí i. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sínú àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Òòrùn ńkọ́?

Igi kékeré fẹ́ ibòòji fún ọdún kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè gba òòrùn kíkún níbi tí ooru kò ti pọ̀ jù. Níbi tí òòrùn ọ̀sán ti ń jó gan-an, ó dáa kí igi gíga kan wà nítòsí tó ń bò ó díẹ̀ láti ọ̀sán lọ. Àwọn ará Jàpáànù máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan bo igi tii wọn fún nǹkan bí 20 ọjọ́ kí wọ́n tó já ewé tí wọ́n fi ń ṣe gyokuro, irú tii aláwọ̀ ewé wọn kan; ewé á dúdú sí i, ìkorò á dín kù, adùn á pọ̀ sí i. Ẹ̀yin náà lè fi aṣọ bo igi kan wò nígbà tí ọ̀mùnú bá ń yọ.

Omi tó mélòó?

Kí ilẹ̀ máa rin, kó má rẹ gbìndìn. Ẹ fi ìka wọ ilẹ̀ wò: bó bá ti gbẹ dé 3 cm, ẹ bomi rin ín dáadáa, kì í ṣe ìbùwọ́n. Omi òjò ló dára jù. Omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ ní ẹfun nínú, á sì máa pa kíkan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú ìkòkò. Ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí igi, kó nípọn tó 5 cm, àmọ́ kó má kan ara igi.

Ajílẹ̀ wo ni kí n lò?

Ewé là ń já lára igi yìí, ewé sì nílò nitrogen, èròjà tó ń mú ewé hù dáadáa, ju ohun mìíràn lọ. Ẹ máa fún un ní ajílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lásìkò tó bá ń yọ ewé, kì í ṣe ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ewé tó ti jẹrà dáa. Tó bá jẹ́ ajílẹ̀ inú àpò, ammonium sulphate bá a mu torí ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ kan sí i. Ẹ yẹra fún èyí tó ní calcium, ìyẹn èròjà inú ẹfun. Igi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ fi í sílẹ̀ ná títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tuntun.

Ewé rẹ̀ ń pọ́n. Kí ló ṣe é?

Ẹ wo ewé náà dáadáa. Bó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló ń pọ́n, tí iṣan ewé ṣì tutù, kò rí irin fà nìyẹn: ilẹ̀ kò kan tó, tàbí omi ẹlẹ́fun lẹ ń lò. Bó bá jẹ́ àwọn ewé àgbà nísàlẹ̀ ló ń pọ́n pátá, nitrogen ló ń fẹ́. Bí ewé bá rọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, gbòǹgbò ló ń jẹrà. Ẹ dáwọ́ omi dúró kíákíá.

Kòkòrò wo ló ń bá a jà?

Alántakùn pupa tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ló wọ́pọ̀ jù nígbà ẹ̀rùn. Ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé, ewé á sì dà bí èyí tó ń pawọ̀dà sí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ abẹ́ ewé náà, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ máa wo ikán nídìí igi pẹ̀lú. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fín oògùn apakòkòrò sí i, torí ewé yìí gan-an lẹ máa rẹ sómi mu, wọn kì í sì í fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sá a.

Ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í já a?

Ọdún kẹta. Mo mọ̀ pé ó ṣòroó dúró dè, àmọ́ ewé ni igi fi ń jẹun, ẹni tó bá já a jù lọ́dún kìíní ń febi pa gbòǹgbò. Bí igi bá ti ga tó 30 cm, ẹ ké orí rẹ̀ kó lè ya ẹ̀ka. Bí àwọn ẹ̀ka náà bá gùn, ẹ tún ké wọn lókè. Ohun tí ẹ ń wá ni igi tó fẹ̀, tó tẹ́jú lókè, tọ́wọ́ yín á lè tó láìnara.

Nígbà jíjá, ọ̀mùnú tí kò tíì ṣí àti ewé méjì tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ṣẹ́ ẹ. Bó bá ṣẹ́ pẹ́ẹ́, ó tọ́ sí jíjá, bó bá ń fà bí okùn, ó ti gbó. Níbi tó gbóná, igi lè tún fún yín ní tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ewé tútù tó wúwo tó kílò 4 sí 5 ló ń di kílò 1 bó bá gbẹ. Ife kan ń gba gíráàmù 2 sí 3 ewé gbígbẹ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 10 sí 15 ewé tútù. Torí náà, igi kan kò lè tó ìdílé mu lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún déédéé, kó gbin púpọ̀, kí àlàfo wọn tó mítà 1.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di tii mímu?

Tii aláwọ̀ ewé: lọ́jọ́ tí ẹ bá já a ni kẹ́ ẹ yan án. Ẹ gbé àwo ìdáná tó fẹ̀ tó sì gbẹ kaná, láìsí epo, kí iná mọ níwọ̀n. Ẹ da ewé sí i, ẹ máa rò ó láìdúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òórùn koríko tútù lẹ máa gbọ́. Bó bá ti yí padà di òórùn dídùn, tí ewé sì rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i títí á fi ká jọ. Ẹ wá dá a padà sórí iná tí kò lágbára títí á fi gbẹ tó fi ń rún. Ooru àkọ́kọ́ yẹn ló pa ohun tí ì bá mú ewé dúdú.

Tii dúdú: ẹ tẹ́ ewé sílẹ̀ lórí aṣọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí tí kò sí òòrùn, fún wákàtí 12 sí 18, títí igi ewé á fi tẹ̀ láìṣẹ́. Ẹ wá fi agbára yí i lọ́wọ́ títí omi ara rẹ̀ á fi jáde tí ọwọ́ yín á fi máa lẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó rin bò ó fún wákàtí 1 sí 3. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ìwúkàrà kankan. Ewé á máa pupa bíi bàbà, òórùn rẹ̀ á sì yí sí ti èso. Nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbẹ ẹ́ nínú ààrò ní nǹkan bí 100 lórí Celsius. Ẹ kó méjèèjì sínú agolo tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀.

Ṣé kaféènì wà nínú tii tí mo bá gbìn fúnra mi?

Ó wà. Kaféènì ni èròjà inú tii tó máa ń lé oorun lójú èèyàn; igi ló ń ṣe é láti fi lé kòkòrò, ọ̀mùnú ló sì pọ̀ sí jù. Aboyún kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kaféènì tó ń mu kọjá mìlígíráàmù 200 lójúmọ́. Tii tún máa ń dí irin inú oúnjẹ lọ́wọ́ láti wọ ara, nítorí náà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kó má mu ún mọ́ oúnjẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ajá jẹ ewé rẹ̀.

Ṣé kí n já òdòdó rẹ̀ dànù?

Bí ẹ ò bá fẹ́ kóró, bẹ́ẹ̀ ni. Èso rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọdún kan kó tó gbó, agbára tó yẹ kó lọ sínú ewé ló sì ń jẹ.

Igi mi ti gbó, ewé rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ṣé kí n hú u?

Ẹ má hú u. Igi tii tí wọ́n tọ́jú lè pé 50 ọdún, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àsìkò tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tàbí tí òtútù ti ń lọ, ẹ gé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 40 cm, àyàfi ẹ̀ka kan tàbí méjì tó ṣì ní ewé, kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láti máa bọ́ gbòǹgbò. Ẹ bo ibi tí ẹ gé kí òòrùn má sá a. Bí ọ̀mùnú tuntun bá ti gùn tó ìka lára ìdí igi náà, ẹ wá gé àwọn ẹ̀ka tó kù yẹn pẹ̀lú.